Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ mi wọ sàréè àtijọ́ yẹn?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 9, fẹ́ kó wọn lọ sí Newgrange ní Meath, ní ilẹ̀ Ireland níbí, ibojì ayé ọjọ́un. Ìyá ọkọ mi ní kí n má fọwọ́ sí ìwé wọn, pé ọmọdé kì í wọ ibojì òkú tí kò bá a tan. Bàbá rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ ni. Kí lẹ rí sí i?

Ìdáhùn: Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kó lọ. Bí wọ́n bá gba òbí láyè, ẹ bá a lọ. Bí wọn ò bá gbà, bóyá ìyẹn tiẹ̀ sàn jù.

Òkìtì ńlá tí koríko bo orí rẹ̀ ni, òkúta funfun ni wọ́n tò síwájú rẹ̀. Láti nǹkan bí 3200 ṣáájú ìbí Jésù ló ti wà, pírámíìdì Gísà kò tíì sí nígbà náà. Ọ̀nà inú rẹ̀ gùn tó mítà 19, ó sì há. Ẹ̀ ń tẹrí ba, ẹ̀ ń fẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ má wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù òtútù tó wú.

Òkùnkùn ibẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Tí ẹ bá dé yàrá inú lọ́hùn-ún, afinimọ̀nà á pa iná, kó lè fi bí oòrùn àárọ̀ ṣe ń gba ihò òkè ẹnu ọ̀nà wọlé lọ́jọ́ tí ojúmọ́ kúrú jù ní Disẹ́ńbà hàn yín. Lọ́jọ́ tí àwa náà lọ, bó ṣe pa á báyìí, “ẹ̀jẹ̀ Jésù, ẹ̀jẹ̀ Jésù” ti ń jáde lẹ́nu mi. Mo di ọmọkùnrin mi lọ́rùn ọwọ́ mú. Ìlà ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín ń rá bọ̀ nílẹ̀, gbogbo èèyàn ń ṣe háà, ojú èmi ni ọmọ ń wò.

Ìgbà tá a wá lọ kí Màmá nílé, nílùú wa, iwájú ilé ni sàréè bàbá mi wà, a ti lẹ táìsì sí i. Àwọn ọmọ àbúrò mi jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Ọmọ tèmi kò gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé títí a fi padà. Màmá ò bínú. Wọ́n kàn bi mí lóru pé, “Kí lo sọ fún un nípa bàbá rẹ?”

Ẹ má bá mi wí o. Ta ni kò ní pe Jésù nínú ibojì? Ká ní ìwé ìgbélùú wa ti jáde kí Bàbá tó kú, ọmọ náà ì bá bá wa bu èèpẹ̀ sí i bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti dàgbà báyìí, àmọ́ tí mo bá ti dárúkọ ilé, ohun tó máa ń béèrè ni bóyá hòtẹ́ẹ̀lì la máa sùn.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi fọ́tò sàréè àwọn tiyín hàn án, kí ẹ dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Ẹ sọ fún un pé wọ́n máa pa iná. Tó bá béèrè bóyá àwọn òkú yẹn ń gbọ́ ohùn wa, ẹ ní kó lọ bi bàbá rẹ̀. Èmi ò tíì rí ọ̀rọ̀ sọ sí ìyẹn. Ní ti ìyá ọkọ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà fún un lórí fóònù kó tó lọ. Ẹ kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dárúkọ òkú nínú àdúrà náà.