Ìwé tí ọmọ kà: ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ parí nínú kíláàsì

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ béèrè ohun tí ọmọ Pámárì Fọ́ọ̀ lè fi ìwé tó kà ṣe, yàtọ̀ sí “orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́”, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta. Ohun tí mo máa kọ́kọ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi iṣẹ́ yìí ránṣẹ́ sílé. Bó bá ti délé, ẹ̀gbọ́n ni yóò ya àwòrán, ìyá ni yóò sanwó fún ẹni tó ń tẹ̀wé ládùúgbò, ọmọ á wá gbé kádíbọ́ọ̀dù tó ń dán wọlé. Ẹ wá bi í ní ohun kan nínú ìtàn náà, ilẹ̀ ló máa wò. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ò rówó ra kádíbọ́ọ̀dù á lọ jókòó sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ka ìwé já.

Ìbéèrè tí mo fi ń yẹ iṣẹ́ wò kò ju ọ̀kan lọ: ṣé ọmọ tí kò ka ìwé yìí lè ṣe é? Bó bá lè ṣe é, mo máa ń pa iṣẹ́ náà tì.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ẹjọ́. Ẹ mú ìtàn Ìjàpá àti Erin. Ìjàpá fi àkàrà olóyin tan Erin kúrò nínú igbó, ó ní wọ́n fẹ́ fi í jọba, ìgbà tí Erin máa jókòó sórí ìtẹ́, inú kòtò ló bá ara rẹ̀. Ẹ gbé Ìjàpá lọ sí kóòtù. Ọmọ kan ni adájọ́, àwọn kan ń gbèjà Ìjàpá, àwọn kan ń rojọ́ fún ẹbí Erin, àwọn yòókù ni ẹlẹ́rìí. Òfin kan ló wà: ẹni tó bá sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ dárúkọ ojú ìwé tó ti rí i, kó sì kà á síta. Bí kò bá rí i, adájọ́ á ní kó jókòó. Òfin yẹn ló gbé gbogbo rẹ̀ ró. Mo ti rí ọmọ tí ìwé kì í wù tó ń ṣí i wàràwàrà, torí lọ́yà kejì ń purọ́ mọ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀. Wọ́n á sì máa jiyàn pé ṣé Ìjàpá nìkan ló jẹ̀bi, àwọn ará ìlú tó gbẹ́ kòtò ńkọ́? Ojúkòkòrò Erin fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ọdún 9 ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Àmọ́ ẹ má fi ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀, ó ń fẹ́ kí wọ́n mọ ìtàn dunjú. Ìwé ìròyìn ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ìlú wa níbí ni Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá lọ́dún 1859, mo sì máa ń sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó mú bírò. Inú wọn máa ń dùn gan-an pé Abẹ́òkúta ni. Lẹ́yìn náà, ọmọ mẹ́rin á pín tákàdá kan: ìròyìn, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, àwòrán, ìpolówó ọjà. Ẹ má fojú kéré ìpolówó o. Ọmọ ò lè polówó àkàrà olóyin láìmọ ohun tó mú Erin tẹ̀ lé Ìjàpá.

Páálí bàtà tí wọ́n ń to igbó àti ilé sí nínú dùn-ún wò, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ló máa ń gba àkókò, kì í ṣe ìwé.

Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò, ẹ ní kó kọ lẹ́tà sí ẹnì kan nínú ìtàn. Ọmọbìnrin kan tí a kì í gbóhùn rẹ̀ kọ̀wé sí Yánníbo, ìyàwó Ìjàpá, lẹ́yìn ìtàn àṣèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo kó lè lóyún, tí Ìjàpá tó lọ gbà á wá jẹ, tí ikùn òun fi wú. Ó ní: “Ẹ̀yin mà, kí ló dé tí ẹ ò lọ gba oògùn yín fúnra yín?” Títí dòní, inú mi ń dùn sí lẹ́tà yẹn.

Bí ìwé ò bá tó, ẹ pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ka sókè, kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà máa fi ìka tọ ọ̀rọ̀. Ní ti máàkì, nínú 10, mo ń fún ohun tó ti inú ìwé wá ní 5, èrò ọmọ fúnra rẹ̀ ní 3, ìmọ́tótó ní 2. Ẹ kọ ọ́ sójú pátákó kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí nípàdé, torí àwọn ló máa kọ́kọ́ bi yín pé kádíbọ́ọ̀dù dà.