Èsì: Ṣé aṣojú orílẹ̀-èdè lè di alábòójútó òfin èdè?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ nílẹ̀ òkèèrè lè wá di alábòójútó òfin èdè nílé. Ó ṣeé ṣe dáadáa; Max Yalden ti Kánádà ni àpẹẹrẹ tí mo mọ̀ jù. Ọdún 1956 ló wọ iṣẹ́ ìjọba ní ẹ̀ka ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ó sì ṣiṣẹ́ ní Moscow, Geneva àti Paris.

Ní 1977, ó gba ipò Kọmíṣọ́nnà fún Èdè Ìjọba lẹ́yìn Keith Spicer, ẹni àkọ́kọ́ tó di ipò náà mú lẹ́yìn tí òfin ọdún 1969 sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé di ọgbọọgba. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni kọmíṣọ́nnà ń jábọ̀ fún, kì í ṣe mínísítà kankan. Bí ẹni tó ń sọ Faransé bá dé ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó yẹ kí wọ́n ti dá a lóhùn lédè rẹ̀, tí akọ̀wé ibẹ̀ sì ń da Gẹ̀ẹ́sì bò ó, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀wé ẹ̀sùn. Kọmíṣọ́nnà á wádìí rẹ̀, á sì dábàá àtúnṣe, ṣùgbọ́n nígbà ayé Yalden nípò náà, kò lágbára láti fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ibí gan-an ni mo gbà pé iṣẹ́ aṣojú ti ràn án lọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò ní pàṣán lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

Ní 1984, wọ́n rán an lọ ṣe aṣojú ní Bẹ́ljíọ̀m, níbi tí ọ̀rọ̀ èdè ti le ju ti Kánádà lọ.