Ìwọ tí o ní ìyàwó Kàkó kò kú, gbọ́ tèmi

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní o kọ fanfic kan, ìtàn tí olólùfẹ́ ìwé máa ń fi àwọn ènìyàn inú ìwé náà kọ, lórí Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà, níbi tí Kàkó Oníkùmọ̀ Ẹkùn kò ti pa ìyàwó rẹ̀, tí obìnrin náà bá òun àti àwọn ọdẹ yòókù lọ Òkè Láńgbòdó. Àwọn olólùfẹ́ Fágúnwà tí ẹ jọ wà nínú ẹgbẹ́ wá bú ọ títí o fi ń béèrè bóyá kí o pa á rẹ́ kí o sì tọrọ àforíjì. Àkúrẹ́ níbí ni mo wà, ojú mi ti rí irú ẹ̀.

Ìyá Àkàrà-oògùn, ọdẹ tó ń sọ ìtàn nínú ìwé kan náà, ni èmi kọ nípa rẹ̀ ní tèmi. Gbogbo wa la mọ̀ pé àjẹ́ ni, ọkọ rẹ̀ ló sì yìnbọn pa á nígbà tó para dà di ẹran. Mo ní kí òun náà sọ tẹnu rẹ̀. Alẹ́ ni mo fi í sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fọ́ìsì nóòtù ti kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ka ìtàn mi látòkè délẹ̀, ó ń fi ohùn obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ẹlòmíì ní obìnrin tó bá ń gbèjà àjẹ́, kí wọ́n lọ yẹ ilé rẹ̀ wò dáadáa. Wọ́n pe ìyẹn ní àwàdà o! Ẹnì kan wá gé apá kan nínú ìtàn náà, ibi tí obìnrin yẹn ti ń sọ pé "èmi ni mo jẹ wọ́n", ó fi ránṣẹ́ sí àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sọ pé ìtàn ni. Mo dé ìpàdé lọ́jọ́ Sunday, ẹni tí a jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà dìde, ó lọ jókòó síwájú. Kò bá mi jà, kò sì kí mi. Mo dé Ọjà Ọba, ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ fún mi béèrè bóyá òótọ́ ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n máa ṣàlàyé Fágúnwà nídìí tẹ̀tẹ̀? Ádímínì ẹgbẹ́ wá yọ mí kúrò "kí àlàáfíà lè wà", ó fi gbogbo àwọn tó bú mi sílẹ̀.

Lọ́yà kan wà nínú wọn tó ní wọ́n á tì mí mọ́lé torí pé mo lo ìtàn tí kì í ṣe tèmi. Mo lọ béèrè ní ọ́fíìsì ìjọba kan. Ẹni ìsàlẹ̀ ní kí n gòkè, ẹni òkè ní ọ̀gá ò sí nílé, ẹni tó wá dá mi lóhùn nígbẹ̀yìn fún mi ní fọ́ọ̀mù láti fi orúkọ ìwé tèmi sílẹ̀. Èmi ò béèrè ìyẹn! Òfin fúnra rẹ̀ ni mo wá lọ kà.

Ọdún 1963 ni Fágúnwà kú. Òfin kọ́píráìtì ti 2022 ka 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé bá kú, nítorí náà àwọn tó jogún rẹ̀ ló ni ẹ̀tọ́ títí di ìparí 2033. Lọ́yà yẹn ò parọ́ níbẹ̀. Ohun tó fi pamọ́ ni pé òfin kan náà fàyè gba ìsínjẹ, ẹ̀fẹ̀, àti kíkọ nǹkan ní àrà ẹlòmíì, tí ìlò rẹ̀ bá ti bójú mu. Ṣùgbọ́n má gbé e lọ tẹ̀ ní Arákalẹ̀ kí o máa tà á. Tówó bá ti wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn.

Àwọn tó ń pariwo pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìwé náà, ta ló bi wọ́n? Ṣóyínká túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní 1968. Wálé Ògúnyẹmí sọ ọ́ di eré Láńgbòdó tí Nàìjíríà gbé lọ sí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn adúláwọ̀, ní 1977, a sì pàtẹ́wọ́. Àkàrà-oògùn gan-an, nínú ìwé, òun ló ní kí ẹlòmíì mú gègé kó kọ ìtàn òun.

Archive of Our Own, ojú òpó ayélujára tí wọ́n ń kó fanfic sí, ni kí o gbé tìrẹ lọ. Láti 2009 ni wọ́n ti ṣí i, ẹgbẹ́ tí kì í ṣòwò ló ni ín, ó gba àmì-ẹ̀yẹ Hugo ní 2019. Wọ́n á ní kí o sọ ṣáájú bóyá ikú tàbí ìwà ipá wà nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ á kọjá lọ láì bú ẹnikẹ́ni. Béèrè ìwé ìpè tí wàá fi ṣí àkáǹtì, dúró dè é, fi ìtàn rẹ síbẹ̀, ó tán.

Má sì kọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa òṣèré tó wà láàyè, pàápàá ti ìfẹ́. Ènìyàn ni wọ́n, wọ́n ní ìdílé. Má fi tìrẹ ránṣẹ́ sí ẹbí Fágúnwà. Bí ẹlòmíì bá kọ tiẹ̀, má lọ máa tún àmì ohùn rẹ̀ ṣe nígbà tí kò bẹ̀ ọ́. Tíṣà yẹn ṣe é fún mi láàárín èébú!

Ká padà síbi tí o ti béèrè. Má pa á rẹ́. Yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ yẹn nìkan, torí ilé wọn ni. Kọ ọ́ sókè pé Fágúnwà ló ni Kàkó, pé ìwọ lo ro ti ìyàwó tó yè. Àforíjì kankan ò sí níbẹ̀. Tọ́jú gbogbo èébú wọn sórí fóònù kí wọ́n tó pa á rẹ́, kí ẹ̀rí lè wà lọ́wọ́ rẹ bí ẹnì kan bá lọ gé tìrẹ náà fi ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kí o sì fi ìlínkì ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ohun tí ìyàwó Kàkó ṣe nígbà tí wọ́n pàdé Ẹ̀gbin, iwin onídọ̀tí nì, lọ́nà.