Kí ni OBI tí wọ́n máa ń béèrè nínú krọ́sìwọ́ọ̀dù?

Ìbéèrè: Wọ́n ní ká fi lẹ́tà mẹ́ta dárúkọ àmùrè àwọn ará Jàpáànù. OBI ni ìdáhùn tó jáde. Ṣé ọ̀rọ̀ gidi ni, àbí àwọn tó ń ṣe krọ́sìwọ́ọ̀dù ló hùmọ̀ rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ gidi ni, èdè Jàpáànù ló ti wá, kò sì bá obì tí à ń pa tan rárá. Ìdí tí krọ́sìwọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé fáwẹ̀lì ló gba méjì nínú lẹ́tà mẹ́ta rẹ̀, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó sì parí sí I kò pọ̀.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe pè é ní àmùrè lásán yẹn, wọ́n bù ú kù. Ọ̀já gbọọrọ tí wọ́n ń wé mọ́ kìmónò, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Jàpáànù, ni obi. Fukuro obi, èyí tí obìnrin ń lò lọ sí òde pàtàkì, fẹ̀ tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, ó sì gùn ju mítà 4 lọ. Àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ló di kìmónò mú ní ti gidi; obi ló bò wọ́n, òun ló sì gbé ìmúra náà yọ. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń ta kókó rẹ̀ sí. Kókó ọmọge tí kò tíì lọ́kọ a máa rí rẹpẹtẹ bí òdòdó tàbí ìyẹ́ labalábá, ti àgbà obìnrin a sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Obi ọkùnrin kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìbàdí ni wọ́n ń so ó mọ́.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni iwata obi. Bí oyún bá ti wọ oṣù karùn-ún, aláboyún a fi aṣọ òwú funfun wé ikùn rẹ̀. Wọn kì í kàn mú ọjọ́ kan ṣáá. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn máa ń fi orúkọ ẹranko 12 pe ọjọ́ ní títẹ̀léra, ọjọ́ ajá ni wọ́n sì ń yàn, nítorí wọ́n gbà pé ìrọ̀rùn ni ajá fi ń bímọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń lọ gbàdúrà ní ojúbọ Suitengū ní Tokyo lọ́jọ́ náà.

Bẹ́líìtì júdò àti kàráté náà, obi ni. Kuro obi ni bẹ́líìtì dúdú. Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń wé mọ́ èèpo ìwé tuntun tàbí àwo orin ní Jàpáànù tún ń jẹ́ obi. Àwọn tó ń kó àwo orin àtijọ́ jọ mọ iyì rẹ̀ dáadáa.

Ó wọ inú òwe wọn pẹ̀lú: “Obi ni mijikashi, tasuki ni nagashi.” Ó kúrú jù fún obi, ó sì gùn jù fún tasuki, ìyẹn okùn tí wọ́n fi ń ká apá aṣọ sókè bí wọ́n bá fẹ́ ṣiṣẹ́. Ohun tí kò wúlò síhìn-ín tí kò wúlò sọ́hùn-ún ni wọ́n ń pa á fún.

Bí ẹ bá wá bá “àpótí kékeré tó ń so rọ̀ lára obi” pàdé, lẹ́tà mẹ́rin, INRO ni. Kìmónò kò lápò, nítorí náà àwọn ọkùnrin ayé àtijọ́ a fi okùn so àpótí oògùn wọn kọ́ obi.