Ìdí tí orúkọ Neagu fi ń dún

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi wá pé kí ló mú Cristina Neagu gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nídìí hándíbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ jù sáwọ̀n, nígbà tí kò gba wúrà kankan fún Ròmáníà. Òótọ́ ni, ipò kẹta ni wọ́n ṣe ní Yúróòpù lọ́dún 2010, ipò kẹta náà ni ní ìdíje àgbáyé 2015. Ṣùgbọ́n ẹ wo 2015 yẹn dáadáa: ìgbà 63 ni òun nìkan ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n!

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi í ṣe obìnrin tó mọ hándíbọ́ọ̀lù gbá jù lágbàáyé: 2010, 2015, 2016 àti 2018. Ẹ rí àlàfo tó wà láàárín méjì àkọ́kọ́? Èjìká ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èjìká, fún ẹni tó ń fi apá jẹun! Ó padà bọ̀ sípò, ó sì gba ife Champions League, ìdíje àwọn kíláàbù hándíbọ́ọ̀lù Yúróòpù, pẹ̀lú kíláàbù Budućnost ti Montenegro ní 2015. Ní 2017 ló padà sílé, sí kíláàbù CSM București ní Ròmáníà, ibẹ̀ ló sì ti fẹ̀yìn tì ní 2024.

Tó bá fò sókè níwájú àwọn tó ń dènà, ẹ ò ní mọ ibi tí bọ́ọ̀lù máa gbà. Nígbà mìíràn ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ló ti máa yọ.

Oṣù Kejìlá 2018 ló dùn mí jù. Orúnkún rẹ̀ já nígbà tí wọ́n ń bá Họ́ngárì gbá ní ìdíje Yúróòpù, Rọ́ṣíà sì lu Ròmáníà ní sẹmí, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, láìsí i níbẹ̀.