Èsì: Mábù nínú balùwẹ̀ gba ìtọ́jú

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ilé o. Ẹ ní ṣé kí ẹ fi mábù, òkúta gidi tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, sí balùwẹ̀ ilé tuntun yín l'Ákúrẹ́, àti pé kí lẹ ó máa fi fọ̀ ọ́.

Ẹ fi sí i, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní mábù lọ́jà, táìsì lásán ni. Ẹ gba àfọ́kù kan, kí ẹ kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mábù gidi á hó díẹ̀, ojú ibẹ̀ á sì ṣá; òkúta bíi ti Òkè Ìdànrè ò ní ṣe nǹkan kan. Ohun tó wà nínú èèpo ẹyin àti ìkarahun ìgbín náà ló wà nínú mábù, ohun kíkan ló sì ń jẹ ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má jẹ́ kí oògùn fífọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kàn án, nítorí ohun kíkan ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Àbúrò mi da díẹ̀ sílẹ̀ ní balùwẹ̀ mi, kò tíì nù ún tán tí ojú ibẹ̀ fi ṣá. Títí dòní, bí mo bá fọwọ́ pa á, ó rí ṣákaṣàka. Ó dùn mí gan-an. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́ àti aṣọ rírọ̀ ti tó.

Ti ilẹ̀, ẹ má ra èyí tó ń dán bíi dígí, ó ń yọ̀. Bó bá jẹ́ funfun, sìmẹ́ǹtì funfun ni kí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, kí dúdú má baà hàn. Kí wọ́n sì fi síílà, oògùn tí kì í jẹ́ kí omi tètè wọ inú òkúta, pa á. Bí ẹ bá kán omi sí i tó mu ún láàárín ìṣẹ́jú 10, ẹ tún un pa. Bí omi kànga ẹlẹ́rọ yín bá ń pọ́n bí irin tó dógùn-ún, ẹ máa nu ilẹ̀ gbẹ lẹ́yìn ìwẹ̀.