Òǹkà mẹ́ta lórí iná kan ṣoṣo: èwo ni kí ẹ gbà gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣájì ọkọ̀ oníbátìrì nílé?

Ẹ̀gbọ́n mi ní Kétu, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fara balẹ̀ ka ìbéèrè yín. Ẹ ní ọkọ̀ oníbátìrì yín wà lẹ́nu ṣájà fún wákàtí 8 lóru, pé ẹ sì ti pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nínú ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ṣájà ara ògiri ní òun ti fún ọkọ̀ ní kílówáàtì-wákàtí 29.4, mítà SBEE, ilé iṣẹ́ iná ìlú Benin, yọ 26.2 péré, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì ní 22.3 ló wọ inú bátìrì òun. Ẹ ń bẹ̀rù pé mítà ti bàjẹ́, kí wọ́n má baà wá sọ lọ́la pé ẹ ń jí iná. Irú òǹkà tí kò bára mu báyìí dà mí láàmú gidigidi nílé mi ní Àjàṣẹ́, lẹ́bàá ọjà Ouando, ohun tí mo sì bá nídìí rẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé mítà yín kò ṣe nǹkan kan. Ṣájà ni kò wọn iná náà tán.

Ọ̀pọ̀ ṣájà tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ló jẹ́ pé iye áńpíà tó ń ṣàn nìkan ni wọ́n ń wọ̀n, wọn kì í wo fólítì, ìyẹn agbára tó ń ti iná náà. Ẹni tó ṣe wọ́n ti kọ 230 sínú wọn, nítorí pé iye tó yẹ kí iná ilé jẹ́ nìyẹn ní Yúróòpù, nítorí náà áńpíà 16 ti di wáàtì 3680 lójú wọn, ìbáà jẹ́ ní aago méje alẹ́ tí ẹ̀rọ amúlétutù gbogbo àdúgbò ń ṣiṣẹ́, ìbáà jẹ́ ní ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ fi 3.68 lọ́nà 8, ẹ ó rí 29.4 yín gẹ́lẹ́. Bí òǹkà ṣájà bá ṣe rẹ́gí báyìí pẹ̀lú ìṣirò orí ìwé, ẹ fura sí i, torí iná tó ń wọ ilé wa kì í dúró lójú kan. Ẹ wá sọ 26.2 ti mítà di wáàtì-wákàtí 26200, kí ẹ pín in sí wákàtí 8, kí ẹ tún fi áńpíà 16 pín in: fólítì 205 tàbí bẹ́ẹ̀ ni yóò fún yín, kò sì yà mí lẹ́nu rárá fún ilé tó jìnnà sí tiransifọ́mà.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i láì ra ohunkóhun. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ iye ìṣẹ́jú tó jẹ́ kílówáàtì-wákàtí kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní 1000 ni. Nígbà tí ọkọ̀ nìkan bá ń gba iná, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú aago kan, ẹ sọ ọ́ di ọ̀nà 60, kí ẹ fi 1000 pín in. Bí ó bá ṣẹ́jú ní ìgbà 55, kílówáàtì 3.3 ni ẹ ń lò. Bí ti ṣájà bá jẹ́ òótọ́, ó yẹ kó lé ní 61. Ẹ ṣe é nígbà tí bátìrì kò tíì sún mọ́ kíkún, torí ọkọ̀ a máa dín iná tó ń gbà kù bó bá kù díẹ̀ kó kún.

Ohun tó ká mi lára jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni wáyà. Nílé mi, mítà wà lára ògiri ẹnu ọ̀nà, ọkọ̀ sì ń sùn lẹ́yìnkùlé, wáyà 2.5 (bó ṣe nípọn tó nìyẹn, ní mílímítà onígun mẹ́rin) tó gùn tó mítírà 40 ni wọ́n sì fà láàárín wọn. Mo ní kí oníṣẹ́ iná wọn fólítì ní ìdí mítà àti ní ìdí ṣájà nígbà tí ọkọ̀ ń gba áńpíà 16: fólítì 9 ti sọnù lójú ọ̀nà. Wáàtì 144 nìyẹn, tó ń di ooru nínú ògiri láti alẹ́ títí di òwúrọ̀, mítà sì ń ka gbogbo rẹ̀ sí mi lọ́rùn. Ibi tí wọ́n ti so wáyà pọ̀ gbóná ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ sì ni iná ti lè ṣẹ́ yọ jó ilé. A fi wáyà 6 rọ́pò rẹ̀, ohun tó ń sọnù kò sì tó fólítì 4 mọ́. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ wọn ti yín kí ẹ tó da ara yín láàmú lórí òǹkà kankan.

Ti 22.3 kì í ṣe àṣìṣe. Ọkọ̀ ní láti yí iná ilé padà kó tó lè wọ bátìrì, a sì máa fi díẹ̀ bọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń tu ú lára. Kí ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún bá a lọ kò ṣàjèjì. Ó tún burú sí i bí ẹ bá dín iná kù sí áńpíà 6, nítorí pé ohun tí ọkọ̀ ń jẹ fúnra rẹ̀ kò dín kù, àkókò ló gùn sí i.

Àwọn ṣájà kan wà tí wọ́n ń fi òrùka so mọ́ wáyà kí wọ́n lè mọ iye iná tí ilé ń lò. Bí tiyín bá ní i, wáyà kan ṣoṣo ni kí ó yí ká. Bó bá yí wáyà àlọ àti àbọ̀ ká pọ̀, òfo ni yóò máa kà.

Àwọn áàpù kan máa ń gbà kí ẹ pààrọ̀ 230 yẹn sí iye tí ẹ wọ̀n, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn, torí fólítì alẹ́ yàtọ̀ sí ti òru. Mítà kékeré tó ń wọn fólítì àti áńpíà pọ̀ ni mo fi sínú àpótí iná, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà. Ẹ wá èyí tí àmì MID, òfin Yúróòpù lórí ohun èlò ìwọ̀n, wà lára rẹ̀, lẹ́tà M àti ọdún nínú àpótí onígun mẹ́rin. Ti ìpele B kò gbọdọ̀ fi ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà lábẹ́ ipò tí wọ́n fi ń dán an wò.

Ẹ sọ fún mi bí wáyà yín ṣe nípọn tó àti bó ṣe gùn tó, pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná pupa yẹn, a ó jọ ṣe ìṣirò rẹ̀.